Ẹ̀rọ Ìjórin Tó Ti Mu Omi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì ṣe àmín. Lèmọ́mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ti bẹ Ọlọ́run kó mú mi lọ láyọ̀ kó mú mi bọ̀ láyọ̀, ẹ ti ní kó gba Hájì mi. Ohun tó kù báyìí ni kí n dìde, kí n ní kí gbogbo yín forí jì mí, kí ẹ fi ohùn kan sọ pé ẹ ti forí jì mí, kí wọ́n wá gbé ìrẹsì jáde. Mò ń gbóòórùn ìrẹsì náà láti ẹ̀yìn ilé, mo sì mọ̀ pé ebi ń pa yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí ẹ forí ji ohun tí ẹ ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi débi pé ó ti rà níbẹ̀, òní ló sì máa jáde. Èmi Sàláhúdéènì ọmọ Ìsẹ́yìn, tí gbogbo ọjà mọ̀ sí Alhaji oní-ẹ̀rọ, mo ti pa èèyàn. Mo pa ọkùnrin kan, mo sì gbé ẹ̀bi ikú rẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lórí. Ìyàwó náà ló jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, tó fi gèlè dúdú wérí. Ẹ yéé wò ó. Èmi ni kí ẹ wò.

Sàlíhátù, jókòó. Ìyàwó mi ni mò ń bá wí. Jókòó, ìyá Mùízz, má fà mí láṣọ. Orí mi ò dàrú, ara mi sì le. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ìwọ náà, a jọ ń jẹun, a jọ ń kírun, mi ò sọ fún ọ. Akínsànmí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n olóògbé, mo mọ ìdí tí ojú yín fi ń pọ́n. Ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi mí ṣe.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin ni mò ń tà, mo ti ń tà á láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú kirikiri. Alhaji lẹ̀ ń pè mí láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ mi ò fojú kan Mẹ́kà rí, orúkọ ọjà lásán ni. Àwọn wẹ́dà oníṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ oníbàárà mi. Nígbà tó yá ni àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í wá, àwọn tó fẹ́ máa jó géètì, tábìlì irin àti àgò jẹnẹrétọ̀ fúnra wọn nínú gàráàjì ilé wọn, torí ó ti sú wọn kí wẹ́dà máa gbowó kó má padà wá. Irú àwọn yẹn kì í mọ èyí tí wọ́n máa mú. Wọ́n á dúró síwájú ìsọ̀ mi, wọ́n á máa wo pupa, wọ́n á máa wo yẹ́lò, wọ́n á ní, "Alhaji, which one good?" Ìgbà yẹn ni màá gbé àga fún wọn.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé irọ́ ni mo máa ń pa fún wọn. Ibi tó ti burú gan-an nìyẹn. Màá bi wọ́n léèrè irú irin tí wọ́n fẹ́ jó, bóyá pẹlẹbẹ ni tàbí èyí tó nípọn, torí ẹni tó kàn fẹ́ ṣe àga kò nílò ẹ̀rọ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi. Màá béèrè bóyá iná ìjọba ni wọ́n máa lò tàbí jẹnẹrétọ̀, àti bí jẹnẹrétọ̀ náà ṣe tóbi tó, torí àwọn ẹ̀rọ kan wà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé, yóò kàn máa sunkún ni. Màá sọ fún wọn pé kí wọ́n má gba nọ́ńbà ara ẹ̀rọ gbọ́, pé ẹni tó kọ ọ́ ní Ṣáínà ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Màá ní kí wọ́n wo wáyà rẹ̀ bóyá kọ́pà ni, kí wọ́n béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ kó tó gbóná kó sì fẹ́ sinmi. Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀. Èèyàn tó bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mi máa mú ẹ̀rọ tó bá ilé rẹ̀ mu. Ohun kan péré ni mi ò ní sọ, ohun náà ló sì pa Olúgbémiga.

Ẹ rántí ọdún tí omi yalé wa. Ta ló máa gbàgbé? Ilé ìkẹ́rùsí mi wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nítòsí odò, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọjà sí i dé àjà. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, àwọn páálí ìsàlẹ̀ ti mu omi yó, àwọn kan ń léfòó. Mo jókòó sórí pẹpẹ, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí omi fà, èmi àti Awwal tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kó gbogbo wọn sórí òrùlé, a sá wọn. Awwal tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọ̀ wọ́n, ó fi fáànù fẹ́ wọn gbẹ. Àwọn kan bú gbàmù bó ṣe ki wọ́n síná. Ṣùgbọ́n àwọn kan tan. Wọ́n ń kùn, wọ́n ń jó rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń so irin pọ̀, ẹ ẹ́ búra pé tuntun ni wọ́n. Mo ní, "Ọlọ́run ò gbàgbé mi." Awwal ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀kan wá, ó fi inú rẹ̀ hàn mí, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti hù sí oríkèé àwọn wáyà. Ó ní, "Alhaji, àwọn yìí ti mu omi. Wọ́n á ṣiṣẹ́ lónìí, wọ́n á ṣiṣẹ́ lọ́la. Lọ́jọ́ tí ìpẹtà yìí bá jẹ ibi tí kò yẹ kó jẹ, iná máa bọ́ sí ara páànù ìta. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ó tán." Mo ní báwo la ṣe máa wá ṣe é. Ó ní kí n tà wọ́n fún àwọn tó ń tú ẹ̀rọ tà ní wẹ́wẹ́, kí n sọ fún wọn pé omi ti wọ̀ ọ́. Mo wò ó bíi pé ó ní kí n lọ pokùn so. Mo ní kó bá mi wá páálí tuntun àti ọ̀rá tuntun. Ó wá a, ó bá mi dì wọ́n. Awwal ti kúrò nílùú yìí, mi ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bo tèmi mọ́lẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mo létí tí mi ò fi gbọ́.

Ìṣòro kan ṣì wà. Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ní ìlà tiwa. Kò sẹ́ni tó ń gbé ẹ̀rọ lọ láì jó rọ́ọ̀dù. Oníbàárà máa ki ẹ̀rọ síná níwájú yín, ó máa jó irin sára irin títí tí rọ́ọ̀dù á fi tán, ó máa tún fi òmíràn sí i. Àwọn wẹ́dà gidi máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná, wọ́n á wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan páànù rẹ̀ fẹ́rẹ́. Bí iná bá ta wọ́n pẹ́rẹ́n, wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì sọ fún gbogbo ayé. Nítorí náà, mi ò tà wọ́n fún wẹ́dà. Mo kó wọn sẹ́yìn, mo ń dúró de àwọn oní-gàráàjì. Nínú àwọn oní-gàráàjì náà, mo ń dúró de àwọn tó gbọ́ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ lè mọ bí mo ṣe burú tó. Warri la wà. Láti àárọ̀ dalẹ́, Pidgin la fi ń rà, òun la fi ń tà, òun la fi ń jà. Àwọn ọmọ wa fúnra wọn, ẹ bá wọn sọ Yorùbá, Pidgin ni wọ́n fi ń dá yín lóhùn. Kí ẹnì kan wá gbọ́ kí oníṣòwò la ẹnu pé, "Ẹ káàbọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí?" Háà! Ojú rẹ̀ á tàn. Á ní, "Bàbá, ṣé Yorùbá ni yín? Ará ibo?" Láti ibẹ̀, ó ti tán. Kò ní bá ẹ nájà mọ́, kò sì ní dán ọjà rẹ wò, torí ó kà á sí ìwọ̀sí kéèyàn máa dán ọjà ọmọ ìyá ẹni wò nílẹ̀ àjèjì. Ìwà yẹn ni mo fi pa wọ́n. Wọ́n rò pé àwọn ló ń yan ẹ̀rọ. Èmi ló ń yan wọ́n.

Bí Olúgbémiga ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ọmọ Ìlàjẹ ni, Kìrìsìtẹ́nì ni, ó ní ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò àti ẹja lórí odò. Ó ń gbé Ogunu, ilé tirẹ̀, gàráàjì wà níwájú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ máa jó ìjókòó ẹ́njìnnì ọkọ̀ òun fúnra òun, kí òun sì fi àjẹkù irin ṣe àdògán tí ìyàwó òun á fi máa yan ẹja. Òun àti Abigail ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, aláwàdà, bó ṣe gbọ́ ẹnu mi ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wò ó, ará Ìsẹ́yìn ń ta irin létí òkun!" Mo gbé àga fún wọn. Mo bi í ní gbogbo ohun tí mo máa ń béèrè. Mo yan ìwọ̀n ẹ̀rọ tó bá iná ilé rẹ̀ mu, mo ṣàlàyé ìdí tí kò fi nílò èyí tó tóbi, kódà mo ní kó má fowó ṣòfò. Ó ń mi orí, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé o gbọ́? Bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ òótọ́ nìyẹn." Mo wá wọ ẹ̀yìn ìsọ̀, mo gbé ọ̀kan nínú àwọn tó mu omi jáde.

Abigail ló sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kan páálí náà, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò fún wa ná." Abigail, ìyá Ìkúnayọ̀, ṣé ẹ rántí? Ẹ rántí. Ọkọ yín ló dá yín lẹ́kun. Ó ní, "Abi, ṣé o fẹ́ dójú ti Bàbá ni? Ara wa mà ni." Èmi olórí burúkú, mo fajú ro. Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀ ń fura sí mi ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n tú u." Mo ṣe bí ẹni fẹ́ ya páálí náà, mo mọ̀ pé wọn ò ní gbà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú eruku ọjà, ó ní kí n má bínú. Ẹni tó fẹ́ gba ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ikú ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ikú. Mo sì ní kò burú, mo ní kó dìde, mo ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Olúgbémiga pè mí lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ pé ẹ̀rọ náà dáa, pé òun ti jó àdògán. Ó wá ní, "Bàbá, nǹkan kan wà o. Bí mo bá fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó ń ta mí. Kò pọ̀ o, ó kàn ń ṣe mí wìrìrì." Lèmọ́mù, mo rántí ohun tí Awwal sọ. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Yọ ọ́ kúrò níná báyìí, gbé e bọ̀ wá." Ọ̀rọ̀ yẹn dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo ro àwọn yòókù tó wà lẹ́yìn ìsọ̀, mo ro àwọn tó ti lọ, mo ro pé bí ọ̀kan bá padà wá, ariwo máa ta, orúkọ mi máa rà. Mo wá rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Wáyà ilé yín ni, Bàbá Ìkúnayọ̀. Gbogbo ilé Ogunu ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ tẹ́ pákó gbígbẹ sílẹ̀." Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa." Ohun tí ẹni tí mo ń pa sọ fún mi nìyẹn. Mo ṣe àmín.

Ó ra bàtà rọ́bà náà. Ó wọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ Sátidé kan tí òjò rọ̀ mọ́jú. Omi wọ gàráàjì, ó gbá a jáde, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò gbẹ. Iná ò sí nígbà tó ń to irin rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ wà nínú ọ̀rinrin yẹn, ó di ẹ̀rọ náà mú kó fà á súnmọ́ ara rẹ̀, iná ìjọba wá dé. Suwíṣì gàráàjì wà nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, nítorí náà ó pe ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Abi, tan án." Abigail tan án, ó padà sídìí ẹja tó ń ṣe. Kò gbọ́ igbe, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí kò gbọ́ ìró iṣẹ́ ló lọ yọjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹ má rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wò ó bí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sunkún ọkọ rẹ̀.

Akínsànmí, ẹ̀yin lẹ pè mí. Ẹ ní àwọn ẹbí ti pé, ẹ ní kí n wá wo ẹ̀rọ náà, torí èmi ni mo mọ̀ ọ́n, kí n wá sọ bóyá ó lè pa èèyàn. Mo dé Ogunu, ẹkún ń sọ nínú ilé, ẹ mú mi wọ gàráàjì, ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bàtà rọ́bà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, omi kún inú rẹ̀. Wọ́n ti yọ ẹ̀rọ kúrò níná. Mo tú páànù rẹ̀ díẹ̀, mo yọjú sí inú, mo rí i. Ìpẹtà ti jẹ wáyà kan já, wáyà náà sì fara ti páànù. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ibẹ̀ máa rí i. Mo lè pè yín nígbà yẹn, kí n ní, "Ẹ wá wò ó, èmi ni." Mo dé e padà. Ọ̀bẹ tí mo fi ń ya páálí nísọ̀ wà nínú àpò mi. Mo mú un jáde, mo fa wáyà tó gbé iná wá láti ògiri, mo bó ara rẹ̀ níbi tí ọwọ́ olóògbé lè dé, títí kọ́pà fi yọ. Èrò mi ni pé ẹ máa rí i, ẹ máa ní òun fúnra rẹ̀ ló ń lo wáyà tó ti bó, ẹ máa ní àmúwá Ọlọ́run ni, kí kálukú máa lọ. Ọlọ́run gbọ́, mi ò ro ti obìnrin yìí nígbà yẹn. Mi ò fi ìyẹn ṣe àwáwí o. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí.

Ẹ wọlé, mo fi wáyà náà hàn yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e sójú, ẹ fi èékánná tọ́ ibi tó ti bó. Ẹ ní, "Èyí kì í ṣe ogbó. Ọ̀bẹ ni." Ẹ tún un sọ, ohùn yín ti yí padà. Ẹ ní, "Alhaji, ṣé ọ̀bẹ kọ́ nìyí?" Gbogbo ẹbí ti yí wa ká, Abigail dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀, bóyá kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun dì í mú. Mo rí ojú gbogbo yín bó ṣe kúrò lára wáyà tó lọ sára ọ̀bẹ yẹn. Mo rí i kedere. Ọ̀bẹ tèmi ń gbóná nínú àpò mi. Mo ní, "Ó jọ ọ̀bẹ." Ẹnì kan bi Abigail pé ta ló tan iná. Ó ní òun ni, pé ọkọ òun ló ní kí òun tan án. Wọ́n ní ta ló gbọ́ ọ. Kò sẹ́nì kankan. Ẹ wá yíjú sí mi, ẹ ní kí n sọ níwájú Ọlọ́run tí mò ń sìn, ṣé ẹ̀rọ náà ní àbùkù. Mo ní, "Tuntun ni. Kò ní àbùkù kankan. Ẹni tó tan iná nígbà tí ọwọ́ olóògbé wà lórí wáyà yẹn ni kí ẹ bi." Mo gbẹ́nu lé e, mo búra sí i. Ìgbà tí mo ta ẹ̀rọ, owó ló fọ́ mi lójú. Ti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tó fọ́ mi lójú. Mo ríran, mo sì ṣe é.

Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Wọn ò mú Abigail lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, torí ẹbí ò fẹ́ kí orúkọ wọn bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lé e jáde nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́. Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Igbókòdá. Nínú ìjọ wọn, obìnrin tó bá jókòó tì í á rọra sún. Èmi ní tèmi, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ, mo ní kò dáa kí ohun tó pa èèyàn wà nínú ilé, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo padà sí ọjà. Mo ta àwọn tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo ti rí ohun tó ṣe, mo sì tà wọ́n tán.

Àṣà wa ló mú mi. Ẹni tó ń lọ Hájì gbọ́dọ̀ lọ yí ká, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti ṣẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, mo yí ká. Ojúlé dé ojúlé, mo ní, "Mò ń lọ o, bí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí," wọ́n ní, "A ti forí jì yín, Alhaji, ẹ rántí wa lọ́hùn-ún." Ó ń dùn mọ́ mi bí ẹni ń wẹ̀. Lánàá, mo ní kí n kàn dé ọ̀dọ̀ Abigail, kí n sọ ọ́ fún òun náà bí mo ṣe sọ ọ́ fún gbogbo ayé, kí n gba tirẹ̀ mọ́ ọn, kó tán. Ó ti kó sí yàrá kan ní Edjeba, ó ń yan ẹja níwájú rẹ̀. Èéfín bò ó, ó ti gbẹ, mi ò tètè dá a mọ̀. Òun ló dá mi mọ̀. Ó fò dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá! Nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ wá wò mí." Mo sọ ọ̀rọ̀ mi wéréwéré. Kò tiẹ̀ bi mí pé kí ni mo ṣe. Ó ní, "Mo ti forí jì yín tọkàntọkàn, Bàbá. Kí lẹ tiẹ̀ ṣe?" Ó pọ́n ẹja sínú ìwé fún mi. Mo ti yí padà, mo ti ń lọ, ló bá pè mí. Ó ní òun mọ̀ pé Mùsùlùmí ni mí, Kìrìsìtẹ́nì sì lòun, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan náà ni. Ó ní, "Bí ẹ bá dé ibi mímọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ Ẹ́ kó fi ẹni tó pa ọkọ mi hàn. Kì í ṣe torí kí n lè gbẹ̀san. Ìkúnayọ̀ ọmọ mi ò gbé ìpè mi mọ́. Ìgbà tó gbé e kẹ́yìn, ó ní, 'No call me again, you kill my papa.' Ẹ sọ fún Ọlọ́run pé ọmọ mi ni mo fẹ́ gbà padà."

Mo délé, mi ò lè jẹ ẹja náà. Mi ò lè kírun. Bí mo bá gbórí lé ilẹ̀, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Àdúrà wo ni kí n lọ gbà fún un ní Mẹ́kà? Kí n dúró níwájú Káábà, kí n ní kí Ọlọ́run fi ara mi hàn? Ìdí tí mo fi ránṣẹ́ pè é wá sí ibí nìyẹn, àti ẹ̀yin ẹbí ọkọ rẹ̀. Mi ò lọ mọ́. Lèmọ́mù, páásípọ́ọ̀tù mi rè é, ẹ bá mi mú un lọ́wọ́. Akínsànmí, ẹ pe ọlọ́pàá bó bá wù yín, inú ilé yìí ni wọ́n máa bá mi, màá sì tún un sọ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ fún obìnrin yìí ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí omi yalé, mo rí àwọn kan nínú yín tí ẹ jókòó síbí. Ó wà nínú gàráàjì yín báyìí. Ẹ má rò pé torí ó ń ṣiṣẹ́ ni kò fi ní àbùkù, ti Olúgbémiga náà ṣiṣẹ́. Ẹ dìde, ẹ pe ilé. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n pa suwíṣì ara ògiri, kí wọ́n fi igi gbígbẹ ti wáyà rẹ̀ kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín nítorí mi, ẹ pè wọ́n nísinsìnyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ọjà títà, bí oníbàárà bá ní kí ẹ dán ọjà wò, ẹ dán an wò, bó bá sì ní kí ẹ má dán an wò torí pé èdè kan náà lẹ jọ ń sọ, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mejì.

Mùízz, gbé fóònù rẹ wá. Má sunkún, gbé e wá. Pe nọ́ńbà Ìkúnayọ̀ tí ìyá rẹ̀ fún ọ nígbà tó dé, jẹ́ kó gbọ́ ohùn mi. Ṣé ó ti gbé e? Ìkúnayọ̀, bàbá Mùízz ni, Alhaji tó ta ẹ̀rọ fún dádì ẹ. Mo mọ̀ pé o gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan ṣì ọ́ lọ́nà lónìí. Your mama no kill your papa. Na me. I know say the machine don spoil, I sell am. Na my knife peel that wire. Your mama no know anything. Má pa fóònù, ọmọ mi. Ìyá ẹ ń bọ̀ wá gbà á.

Ìyá Ìkúnayọ̀, ẹ wá. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi mọ́ láyé yìí. Àforíjì tí ẹ fún mi lánàá, olè ni mo fi gbà á. Ẹ gbà á padà. Mi ò ní tọrọ òmíràn lónìí. Ẹ gba fóònù, ọmọ yín ń pè yín.